Sílíńdà Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Yèyé

Títí di òní, bí òórùn ẹyin òbu bá ti kan imú mi, ọmọ mi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé kí n tó ro ohunkóhun. Ọkọ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Á ní ìyàwó òun kì í béèrè adìyẹ tó yé e, ẹnu ọ̀nà ló máa ń wò. Kò mọ̀ ni. Kò sí nílé wa l'Ókè-Ìlá lọ́dún tí Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, gbé ẹ̀ṣẹ̀ tí adìyẹ kò dá lé adìyẹ lórí. Mo ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ọwọ́ mi sì ni ògúnná wà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọ mi kékeré ń sùn lẹ́yìn mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ìka tọ́ka sí ìwé mi, ó ń bi mí pé ìtàn ta ni. Mo ní ìtàn ìyá mi ni, obìnrin tó ń fi ọṣẹ pa gáàsì lára.

Yàrá mẹ́rin tó yí àgbàlá ká ni ilé wa, ilé ìdáná wà lẹ́yìn, igi máńgòrò kan wà láàárín. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kẹ́tù àlùwàlá Yèyé la kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tó bá gbé e lé orí òkúta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni póòmpù Bàámi, fíì, fíì, fíì, torí fọkanáísà ni, kò sì ní lọ lẹ táyà ní ìkóríta Fájuyì láìjẹ́ pé ó ti dán póòmpù rẹ̀ wò nílé. Ìrọ̀lẹ́ ni ti odó. Bí odó tiwa bá dákẹ́, a ó gbọ́ ti ìyàwó tíṣà onígbàgbọ́ tó wà lódìkejì ọ̀nà, a ó sì mọ ilé tí iyán ti kúnná. Ṣùgbọ́n ohùn tí mo rántí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ikọ́ Màámi. Igi tútù ló pọ̀ jù nínú igi tí a ń dá. Èéfín á kún ilé ìdáná dé òkè, Màámi á máa fẹ́ iná, á máa fi etí ìró nu ojú, á máa húkọ́. Bí Iléyá bá dé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló máa ń wà nínú èéfín yẹn, torí òun ni ìyàwó ilé, òun ló sì ń sun ẹran gbogbo mọ̀lẹ́bí. Lẹ́yìn Iléyá, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ata fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. A kò kà á sí. Mo fi ìtìjú kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: àwa ọmọ rò pé bí ojú ìyá ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kà á sí. Àbúrò Bàámi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ti gbé lọ́dọ̀ wa nígbà tó ń lọ sí ilé ìwé girama. Màámi ló ń dáná fún un, ló ń fọ aṣọ rẹ̀, ló ń bu oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ bó bá pẹ́. Màámi kì í pe orúkọ rẹ̀, torí ìyàwó kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ nílé wa. Akọ̀wé ló sọ ọ́. Nígbà tí Akọ̀wé parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà tó padà wálé, kò mú aṣọ bọ̀ fún Màámi. Páálí ńlá kan ló sọ̀ kalẹ̀ látinú mọ́tò. Ààrò irin dúdú ló wà nínú rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní táyà kéékèèké méjì, ó sì ní ìdérí tó ń ṣí bí àpótí.

Yèyé rìn yí i ká. “Pósí ta ni ẹ gbé wá bá mi ní ulé yìí?”

“Ààrò ni, Yèyé. Wọ́n ń sun ẹran lórí rẹ̀. Kò fẹ́ igi, kò sì ní èéfín.”

“Uná tí kò ní èéfín? Báwo la ó ṣe wá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré kọjú sí Màámi. Ó fi orúkọ mi pè é: “Ìyá Rábí, tiyín ni. Èéfín tí ẹ fà símú nítorí mi ti tó.” Màámi kúnlẹ̀, kò sì tètè dìde, ó fi ìró bojú. N kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni fún un ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan rí nínú ilé náà. Aṣọ tí Bàámi ń rà fún un, a máa ń fi pọ̀n wá ni. Ìkòkò, ti ilé ni. Ààrò yìí nìkan ni mo gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ pè ní “tèmi”.

Bàbá Kékeré tò ó sí àárín àgbàlá, ó fi rọ́bà gígùn kan so ó mọ́ sílíńdà gáàsì tó rà bọ̀ láti Èkó. Ó ní kí a má ṣe tan án lábẹ́ òrùlé láé. Ó ní kí a ṣí ìdérí kí a tó ṣáná, torí gáàsì tó bá kóra jọ sábẹ́ ìdérí á gba irun ojú ẹni lọ. Ó ní ìṣáná ni yóò kọ́kọ́ jó, kí a tó wá yí gáàsì. Iná aláwọ̀ aró tó ń jó láìsí igi ni àwa ọmọ ń wò ní tiwa. Màámi nìkan ló ń béèrè ọ̀rọ̀.

“Akọ̀wé mi, bó bá ń jò ńkọ́? Kí la ó fi mọ̀?”

“Ẹ ó gbọ́ òórùn. Gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn sí i ni, kó lè ké sí yín. Bí ẹyin òbu ló máa ń rí.” Ó jẹ́ kó tú díẹ̀. Màámi na imú, ó gbọ́ ọ, ó mi orí.

Àfi bí mọ́tò tó fẹ́ gbé Bàbá Kékeré padà sí Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè lójú ọ̀nà. Ó yí bọ́tìnnì iwájú ààrò, iná kú, ó dọ̀bálẹ̀ fún Yèyé, ó sáré lọ. Kò yí ti orí sílíńdà. Àwa kò sì mọ̀ pé ibi méjì la ti ń pa á.

Nílé wa nígbà náà, ohun tó bá níyì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Yèyé ni ibùgbé rẹ̀. Ibẹ̀ ni òfì bàbá àgbà tó ti kú wà nínú àpótí irin, ibẹ̀ ni ìwé ilẹ̀ wà, àti àwọn àwo tánganran tí ẹnikẹ́ni kò jẹun nínú wọn rí. Bẹ́ẹ̀dì onírin gíga ni, ọmọdé lè jókòó sábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, Bàámi kò bi ẹnikẹ́ni. Ó yí ààrò náà lórí táyà rẹ̀ wọ yàrá Yèyé, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó tẹ́ sílíńdà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, ó ti àpótí irin padà síwájú rẹ̀ kí olè má baà rí i, ó sì fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀. Yèyé tó pè é ní pósí ní àná pàápàá yọ̀. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa kó ohun ńlá pamọ́ sọ́dọ̀ òun. Lọ́jọ́ kejì, Màámi gba Ìfàkì lọ, àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó fẹ́ lọ wẹ ọmọ fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà tí yàrá Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Yèyé ní àgbébọ̀ adìyẹ kan tó ń sàba lórí ẹyin mẹ́sàn-án nínú agbọ̀n lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Adìyẹ yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó dìde lórí ẹyin rẹ̀, ó jáde, kò padà. Yèyé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bú u: “Ìyá burúkú! Ta lo fẹ́ kó bá ọ sàba? Èmi?” Nígbà tí òórùn wá pọ̀ sí i, kò sí ẹni tó tún jiyàn: ẹyin tí adìyẹ kọ̀ sílẹ̀ ló ti di òbu. A gbé agbọ̀n lọ sábẹ́ máńgòrò. Òórùn kò lọ. Bàámi ní eku ló kú sórí àjà. Ó gun àga, ó fi igi ro gbogbo orí àjà, kò rí nǹkan kan. Òkè là ń wò, ohun tí à ń wá sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Yèyé ní orí ń fọ́ òun, ó ní oorun ọ̀sán kò ṣe òun ní ire mọ́. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kẹrin tí Màámi ti lọ, tí Bàámi wà ní Fájuyì, Yèyé ní ó tó gẹ́ẹ́, òun máa fi tùràrí lé òórùn náà jáde.

“Rábí, lọ fọn uná wá fún mi nínú ilé ìdáná.”

Mo rántí àpáàdì yẹn bí ẹni pé ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ògúnná mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, mo sì ń fẹ́ ẹ bí mo ṣe ń rìn kó má baà kú, torí ọmọ tó mọ iṣẹ́ jẹ́ ni mí. Mo kọjá ìdí máńgòrò. Mo ti na ọwọ́ òsì láti ká aṣọ ẹnu ọ̀nà Yèyé sókè. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé láti ìta, ẹrù Ìfàkì ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń na imú sí òórùn náà.

“Rábí! Dúró!”

Màámi kì í pariwo. Ẹsẹ̀ mi kàn mọ́lẹ̀.

“Má wọlé. Máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Rọra. Má fẹ́ ẹ mọ́.” Mo fi ẹ̀yìn rìn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà mí léjìká. Ó gba àpáàdì, ó jáde lọ dà á sínú iyanrìn lójú ọ̀nà, ó bu omi lé e, ó ní kí n lọ bomi pa iná ilé ìdáná pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ló dúró lókèèrè ẹnu ọ̀nà Yèyé.

“Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ẹ má ṣáná, ẹ má tan nǹkan kan.”

“Tùràrí ni mo fẹ́ jó. Ẹyin adìyẹ ló ń rùn.”

“Agbọ̀n ẹyin rèé lábẹ́ máńgòrò, Yèyé mi. Kí ló wá kù tó ń rùn lọ́dọ̀ yín?”

Yèyé ká aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó wo abẹ́ máńgòrò. Lẹ́yìn náà ló jáde, ẹsẹ̀ lásán, tùràrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màámi fa èémí sínú, ó wọlé, ó ṣí fèrèsé méjèèjì sílẹ̀ gbayawu, ó jáde wá mí, ó tún wọlé, ó wá ohun tó ṣeé yí lórí sílíńdà, ó yí i pa. Ìgbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta ló wọ́ gbogbo rẹ̀ jáde sí gbangba. Nígbà tó parí, ó fà mí mọ́ra, ó gbóòórùn irun orí mi, ó gbá mi nídìí lẹ́ẹ̀kan, ó wá bú sẹ́kún. N kò mọ ohun tí mo ṣe tó fi gbá mi. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ìṣísẹ̀ méjì ló kù. Bí ọmọ tèmi bá kọsẹ̀ lónìí, mo máa ń gbá a nídìí kí n tó gbé e, mo sì mọ ọwọ́ ẹni tó ń gbá a.

Nírọ̀lẹ́, Yèyé pè wá sí àgbàlá, ó dájọ́. “Kí nǹkan yìí kúrò ní ulé mi. Lọ́la.” Màámi kúnlẹ̀.

“Yèyé, ààrò kọ́ ló ṣẹ̀. Àwa la tẹ́ iná sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fún mi di Iléyá. Bó bá dá wàhálà kan ṣoṣo sílẹ̀ kí oòrùn Iléyá tó wọ̀, èmi fúnra mi ni màá tì í jáde.”

“Ṣé o gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ sọ?”

“Mo gbọ́, Yèyé.”

Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń pè ní tèmi ló fi lélẹ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Bàámi ní òun máa wá ibi tó ti ń jò. Ọpọ́n omi ló gbé wá, bó ṣe máa ń ri túúbù bọ omi kó lè rí ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n orí sílíńdà kò ṣe é rì bọ omi. Màámi ló ronú kàn án. Ó fi kànìnkànìn po ọṣẹ dúdú nínú igbá títí ó fi hó kùṣùkùṣù, ó fi pa gbogbo oríkèé náà àti gbogbo rọ́bà, ó wá ní kí Bàámi ṣí gáàsì díẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orí wa ń kan ara wọn. Níbi tí etí àpótí irin ti tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀, ìfófó kan yọ bí ojú ẹja, ó wú, ó bẹ́, òmíràn tún yọ. “Òun nìyẹn!” ni Bàámi ké. Inú rẹ̀ dùn, torí iṣẹ́ tirẹ̀ dé nìyẹn. Ó pa gáàsì, ó fi fáìlì ha rọ́bà, ó ta sọ̀lúṣọ̀n tí wọ́n fi ń lẹ táyà sí i, ó lẹ páàṣì táyà mọ́ ọn, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ di ìrọ̀lẹ́. Màámi tún fi ọṣẹ pa á. Ìfófó kékeré kan yọ létí páàṣì.

Bàámi lẹ òmíràn lé e. Ìfófó tún yọ, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

“Èyí kò tó nǹkan, Ìyá Rábí. Mo ti lẹ túúbù tó gbé ènìyàn ogójì dé Ìbàdàn.”

“Bàbá Rábí, túúbù tó bá jò, mọ́tò ló máa dúró. Èyí tó bá jò, ọmọ yín ló ń gbé iná lọ bá a.”

“Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi lo ń bú báyìí?”

“Iṣẹ́ ọwọ́ yín ló ń fún wa jẹ. Táyà ni iṣẹ́ ọwọ́ yín.”

Bàámi bínú, kò jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ẹ̀gúsí ni. Èmi ni mo jẹ ẹran rẹ̀. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò gbọ́ póòmpù. Ó ti wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́. Ọ̀sán ló dé, rọ́bà gáàsì tuntun wà lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, kò wo ojú Màámi, ó nà án sí i. Wọ́n so ó. Wọ́n pa ọṣẹ sí i. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀, títí kan Yèyé tó ní òun kò wò. Ọṣẹ náà jókòó sójú kan, ó ń dán, kò hó. Màámi ní kí n kà dé ọgọ́rùn-ún. Mo kà á. Kò hó. Bàámi nàró, ó tẹ ọwọ́ mọ́ ìbàdí. Ó ní, “Fọkanáísà kan ló ti wà nílé yìí tẹ́lẹ̀. A ti di méjì.” Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí Màámi tó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi láìsí èéfín.

Iléyá dé. Bí àwọn ọkùnrin ti ń bọ̀ láti yídì, Màámi ti ṣètò àgbàlá. Ààrò wà ní gbangba, ó jìnnà sí ògiri, ó jìnnà sí máńgòrò, sílíńdà dúró gbọn-ọn lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ó ti gbá ewé gbígbẹ kúrò. Ó gbé korobá iyanrìn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá fi eérú fa ìlà yí ààrò ká, ó ní ọmọ tó bá kọjá ìlà kò ní jẹ ẹ̀dọ̀. Bàbá Kékeré dé láti Èkó, ó gbọ́ ìtàn náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Yèyé nínú agbádá Iléyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ lọ tan iná. Màámi dá a dúró.

“Akọ̀wé mi, ẹ bọ́ agbádá yẹn ná. Apá rẹ̀ tó iná í gbá mú. Ẹ sì jókòó. Tèmi ni.”

Ó pa ọṣẹ. Kò hó. Ó ṣí ìdérí. Ó ṣáná, ó yí bọ́tìnnì, iná aró dìde, bùù. Àwọn aládùúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà, ìyàwó tíṣà wà níwájú wọn. Ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán, kò sí ikọ́, kò sí ẹkún ojú. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí Màámi fi tẹ́ ẹran ìbàdí àgbò sí i. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù. Ó yọ́, ó kán sórí iná, iná sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, pupa, ó ga ju orí Màámi lọ. Àwọn ènìyàn fọ́n ká. Ẹnì kan ti gbé omi.

“Mo ti wí!” ni Yèyé ké. “Mo ti wí!”

“Ẹ má da omi sí i!” Màámi kò sáré. Ó fi ẹsẹ̀ kan padà sẹ́yìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ sídìí sílíńdà, ó yí i pa. Iná jó ọ̀rá tó kù, ó kéré, ó kéré sí i, ó kú. Kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń ka Fátíà lọ. Màámi fi ẹ̀mú ṣí ẹran ọlọ́ràá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gé ọ̀rá náà kúrò. Èmi ń wo ojú Yèyé, torí mo mọ ohun tí Màámi ṣèlérí. Màámi kọjú sí Yèyé, ó kúnlẹ̀ sórí ìlà eérú.

“Yèyé, mo ní bó bá dá wàhálà. Ṣé kí n tì í jáde?”

Yèyé dìde, ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ kọjá ìlà eérú tí kò sí ọmọdé kankan tó gbójúgbóyà kọjá, ó wo ààrò, ó wo sílíńdà, ó wo Màámi.

“O ní kó kú, ó kú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé.”

“Láti ọjọ́ tí mo ti ń dáná, mi ò rí uná tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu báyìí rí. Dìde, ìyàwó mi. Tan án padà, ebi ń pa mí.” Ariwo tí àwọn ènìyàn pa lọ́jọ́ yẹn, mo ń gbọ́ ọ di òní. Ìyàwó tíṣà pàtẹ́wọ́ títí gèlè rẹ̀ fi tú. Màámi pa ọṣẹ, kò hó, ó tan án, ẹ̀dọ̀ àkọ́kọ́ tó jinná ló sì gbé fún Yèyé. Yèyé jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó gbé ojú sókè kí gbogbo àgbàlá lè gbọ́.

“Ààrò Ìyá Rábí kò lọ síbi kankan mọ́, ulé mi ló ń gbé,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún gbé e dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, òun la máa sun lórí rẹ̀.”